Bí Ẹni tí Ó Ṣe Ìrìbọmi fún Wa Bá Ṣubú: Ẹ̀kọ́ láti Inú Ìtàn Ìjọ Carthage

Nígbàkigbà tí ìròyìn búburú bá jáde nípa òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, ìbéèrè kan máa ń dìde láàrin àwọn ọmọ ìjọ. Bí ọwọ́ tí ó rì mí bọ omi bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó sẹ́ Olúwa, ǹjẹ́ ìrìbọmi mi dúró? Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ńkọ́? Àwọn kan a dákẹ́ pẹ̀lú ìbéèrè náà nínú ọkàn wọn. Àwọn mìíràn a fi ìjọ sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní 1,700 ọdún tí ó pín àwọn onígbàgbọ́ Àríwá Áfíríkà sí méjì. Carthage ni ìlú tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ahoro ìlú náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tunis, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Tùnísíà. Ẹ jẹ́ kí á tọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó fi agbára ìgbàgbọ́ hàn wá, ó sì fi irú ẹ̀dá tí ènìyàn jẹ́ hàn wá pẹ̀lú.

Ìwé ẹ̀rí Késárì Decius

Ní òpin ọdún 249, Késárì Decius pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn tí ó wà lábẹ́ ìjọba Róòmù rúbọ sí àwọn òrìṣà. Ẹni tí ó bá rúbọ níwájú àwọn aláṣẹ yóò gba ìwé ẹ̀rí. Irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní 40 ni a ti wú jáde nínú ilẹ̀ Íjíbítì, tí a ṣì lè kà títí di òní. Ẹni tí kò bá ní ìwé náà lè lọ sí ẹ̀wọ̀n, a lè gba ohun ìní rẹ̀, ó sì lè kú. Fabian, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Róòmù, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kú, ní oṣù kìíní ọdún 250.

Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣubú pọ̀ jù wọ́n lọ ní Carthage. Cyprian, tí í ṣe bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́ pé àwọn kan kò tilẹ̀ dúró kí a mú wọn, fúnra wọn ni wọ́n sáré lọ síbi ẹbọ. Àwọn kan rúbọ, àwọn kan sun tùràrí. Àwọn mìíràn fi owó ra ìwé ẹ̀rí láìrúbọ rárá, wọ́n rò pé àwọn ti fi ọgbọ́n bọ́ lọ́wọ́ Késárì àti lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Cyprian fúnra rẹ̀ fi ìlú sílẹ̀, ó sá pamọ́, ó sì ń fi lẹ́tà ṣe àkóso ìjọ láti ibi tí ó wà. Àwọn kan bú u pé ó sá fi agbo sílẹ̀. Nígbà tí Decius kú sójú ogun ní ọdún 251, tí inúnibíni sì rọlẹ̀, àwọn tí ó ṣubú bẹ̀rẹ̀ sí í padà pẹ̀lú ẹkún. Kí ni kí ìjọ ṣe sí wọn?

Ìdáhùn méjì ni ó kọ́kọ́ jáde. Ní Carthage, àwọn àlùfáà kan tí wọ́n ń bá Cyprian ṣe ọ̀tá ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n ń gba àwọn ènìyàn padà sídìí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa láìsí àkókò ìrònúpìwàdà. Ní Róòmù, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Novatian ti ilẹ̀kùn pa. Ó ní ìjọ kò ní àṣẹ láti gba ẹni tí ó sẹ́ Kristi padà, ó sì dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí Cyprian pè ní Carthage ní ọdún 251 tọ ọ̀nà kẹta. Wọ́n pinnu láti yẹ ọ̀ràn ẹnì kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó ra ìwé ẹ̀rí lè padà lẹ́yìn ìrònúpìwàdà tòótọ́. Ẹni tí ó rúbọ yóò máa ronú pìwà dà títí, a ó sì gbà á padà bí ikú bá dé sí i. Nígbà tí inúnibíni mìíràn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n gba gbogbo àwọn tí ó ti ń ronú pìwà dà, kí wọ́n má baà lọ sójú ìjà láìní oúnjẹ ẹ̀mí.

Àwọn àgbà wa ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Ohun tí Carthage ṣe ní ọdún 251 nìyẹn. Ní ti Cyprian tí a bú pé ó sá, nígbà tí Késárì Valerian gbógun ti ìjọ, kò sá mọ́. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 258, ní ìlú rẹ̀, lójú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹni tí ó sá lánàá lè jẹ́ ajẹ́rìíkú lọ́la. Kí á tó fi ìwà ọjọ́ kan ṣe ìdájọ́ ènìyàn, ó yẹ kí á rántí èyí.

Àwọn tí ó fa Ìwé Mímọ́ lé ọ̀tá lọ́wọ́

Ní oṣù kejì ọdún 303, Késárì Diocletian bẹ̀rẹ̀ inúnibíni tí ó burú jù lọ. Ó pàṣẹ pé kí a wó ilé ìjọsìn, kí a sì dáná sun Ìwé Mímọ́. Ní Áfíríkà, ẹni tí ó bá fa ìwé náà lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè ní traditor ní èdè Látìn. Orúkọ ẹ̀gàn gidi ni.

Àkọsílẹ̀ ìjọba kan wà títí di òní nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Cirta, ìlú tí a ń pè ní Constantine ní Àlùjíríà báyìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 303, àwọn aláṣẹ wọ ilé ìjọsìn ibẹ̀, akọ̀wé wọn sì ń ka ẹrù: ife wúrà 2, ife fàdákà 6, fìtílà fàdákà àti ti idẹ, aṣọ obìnrin 82, ìborùn 38, aṣọ ọkùnrin 16, bàtà ọkùnrin orí 13, bàtà obìnrin orí 47. Aṣọ àti bàtà wọ̀nyí fi hàn wá pé ìjọ náà ń tọ́jú àwọn aláìní. Bíṣọ́ọ̀bù jókòó, ó ń wò. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, Silvanus, fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwọn ohun èlò fàdákà tí ó ṣẹ́kù jáde fún wọn.

Ní nǹkan bí ọdún 305, nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù Cirta ti kú, àwọn bíṣọ́ọ̀bù agbègbè náà péjọ láti yan ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìpàdé náà wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a bá a jiyàn lẹ́yìn náà. Secundus, tí ó jẹ́ àgbà wọn, ní kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan jẹ́wọ́ pé òun fi ìwé Ìhìnrere sínú iná, nítorí pé wọ́n fipá mú òun. Òmíràn ní ìwé mìíràn ni òun fún wọn. Nígbà tí ó kan Purpurius, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó pa àwọn ọmọ arábìnrin rẹ̀, kò sẹ́, ó sì tún dojú ìbéèrè kọ Secundus: báwo ni ìwọ náà ṣe jáde lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ bí o kò bá fún wọn ní nǹkan kan? Ẹnu Secundus wọhò. Wọ́n gbà pé kí olúkúlùkù lọ jíhìn fún Ọlọ́run, wọ́n sì jókòó. Ta ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù Cirta? Silvanus kan náà ni, tí ó gbé fàdákà jáde.

Bí wọ́n bá ti dúró níbẹ̀, à bá sọ pé wọ́n ṣàánú ara wọn. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó fi ọkàn ènìyàn hàn.

Ìyapa ní Carthage

Ní nǹkan bí ọdún 311, bíṣọ́ọ̀bù Carthage kú, wọ́n sì fi díákónì rẹ̀, Caecilian, joyè. Àwọn kan kò fẹ́ ẹ. Ìyá olówó kan tí ń jẹ́ Lucilla ti di í sínú láti ìgbà tí Caecilian ti bá a wí, nítorí pé ó máa ń fi ẹnu ko egungun ajẹ́rìíkú kan lẹ́nu kí ó tó gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù 70 láti Numidia, tí í ṣe agbègbè Cirta, wá sí Carthage. Secundus ni olórí wọn, Purpurius àti Silvanus sì wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n dá Caecilian lẹ́bi. Kí ni ẹ̀sùn? Wọ́n ní Felix ará Aptunga, ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbé ọwọ́ lé e lórí, fa Ìwé Mímọ́ lé ọ̀tá lọ́wọ́, nítorí náà oyè Caecilian kò dúró. Wọ́n fi Majorinus, ọ̀kan nínú àwọn ará ilé Lucilla, jẹ bíṣọ́ọ̀bù dípò rẹ̀. Nígbà tí Majorinus kú, Donatus gba ipò náà, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe ẹgbẹ́ náà títí di òní.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Àwọn tí wọ́n jẹ́wọ́ láàrin ara wọn ní Cirta ni wọ́n ń dá ẹlòmíràn lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ní Carthage. Nígbà tí ìjọba ṣe ìwádìí lórí ọ̀ràn Felix ní nǹkan bí ọdún 315, wọ́n rí i pé ayédèrú lẹ́tà ni wọ́n fi bà á lórúkọ jẹ́. Ní ọdún 320, àṣírí Silvanus tú níwájú ilé ẹjọ́, àti ti fàdákà àti ti owó Lucilla tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù pín.

Síbẹ̀ kò yẹ kí á rò pé alágàbàgebè ni gbogbo àwọn ọmọ ẹ̀yìn Donatus. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó kú nítorí pé wọn kò fa Ìwé Mímọ́ lélẹ̀. Inú wọn kò lè dùn láti rí i pé ẹni tí ó sẹ́ àti ẹni tí ó jìyà jókòó pọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n fẹ́ ìjọ tí ó mọ́. Wọ́n sì ní àgbà kan tí wọ́n fẹ̀yìn tì: Cyprian fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwọn bíṣọ́ọ̀bù 87 tí ó péjọ ní ọdún 256, ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìrìbọmi tí a ṣe lẹ́yìn òde ìjọ kì í ṣe ìrìbọmi. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti ìhà kejì wá sọ́dọ̀ wọn, wọn a tún un rì bọmi.

Ta ni ó ni ìrìbọmi?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ wá láti ìpàdé ìlú Arles, ní ilẹ̀ Faransé òde òní, ní ọdún 314. Wọ́n pinnu pé kí a yọ àlùfáà tí ẹ̀rí bá fi hàn pé ó fa Ìwé Mímọ́ lélẹ̀ lóyè. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti gbé ọwọ́ lé lórí, bí àwọn fúnra wọn bá yẹ, oyè tiwọn dúró. Àwọn méjèèjì ni ìpàdé náà dì mú: a fi ìyà jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀, a kò sì fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jẹ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ níyà.

Augustine, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní etíkun Àlùjíríà ní nǹkan bí ọdún 395, ni ó la ìdí rẹ̀ yé wa jù lọ. Ó ní ti Kristi ni ìrìbọmi í ṣe. Bí Peteru bá rì wá bọmi, Kristi ni ó rì wá bọmi. Bí Judasi bá ṣe é, Kristi náà ni. A lè fi àpẹẹrẹ ààfin ṣàlàyé rẹ̀. Bí ọba bá rán ìránṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó lọ fi ìwé oyè lé lágbájá lọ́wọ́, tí a sì rí i lẹ́yìn ọdún kan pé olè ni ìránṣẹ́ náà, ọba yóò mú ìránṣẹ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n oyè lágbájá kò bàjẹ́. Ọba ni ó fi í joyè.

Augustine tún rán wọn létí òwe Olúwa wa nípa èpò àti àlìkámà nínú ìwé Matteu orí 13. Èpò àti àlìkámà wà pọ̀ nínú oko títí di ìkórè, kì í sì í ṣe àwa ni olùkórè. Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìjọ tí ó bá sọ pé òun yóò kó kìkì àwọn mímọ́ jọ, ojú ni yóò fi wò wọ́n, ojú kò sì rí inú.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Donatus fúnra wọn fi èyí hàn. Ní ọdún 393, ìyapa dé láàrin wọn. Ní ọdún 394, bíṣọ́ọ̀bù wọn 310 péjọ ní Bagai, wọ́n sì dá Maximian àti àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ lẹ́bi. Kò pẹ́ tí wọ́n gba àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi náà padà, pẹ̀lú oyè wọn, wọn kò sì tún àwọn tí wọ́n ti rì bọmi rì bọmi mọ́. Ohun tí wọn kò lè ṣe fún ẹlòmíràn láti bí 80 ọdún, wọ́n ṣe é fún ara wọn láàrin ọdún díẹ̀. Ojú àánú ni ènìyàn fi ń wo ẹ̀bi ilé rẹ̀, ojú ìdájọ́ ni a fi ń wo ti ará ìta.

Àwọn tí ó borí náà ní ẹ̀bi

Bí a bá parí ìtàn náà síhìn-ín, yóò dàbí ẹni pé ìhà kan jẹ̀bi, ìhà kejì jàre. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 411, Késárì Honorius mú kí ìhà méjèèjì pàdé ní Carthage. Bíṣọ́ọ̀bù ìhà Augustine jẹ́ 286, ti ìhà Donatus sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye kan náà. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìhà Augustine ṣe ìlérí rere kan: bí wọ́n bá pàdánù, wọn yóò fi ipò wọn sílẹ̀, bí wọ́n bá sì borí, wọn yóò bá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìhà kejì pín ipò náà. Marcellinus, ìjòyè Késárì, dá wọn láre.

Ṣùgbọ́n òfin ìjọba tẹ̀lé ìdájọ́ náà. Ní ọdún 412, a pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá kọ̀ láti wọlé san owó ìtanràn, kí a sì gba ilé ìjọsìn wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Augustine kò fẹ́ kí a fipá mú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó rí i pé ìbẹ̀rù òfin mú ọ̀pọ̀ ènìyàn wọlé, tí ó sì rí ìwà ipá àwọn jàǹdùkú kan ní ìhà kejì, ó yí èrò rẹ̀ padà, ó sì fi òwe àsè inú Luku orí 14 gbè é lẹ́sẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ṣe pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó gbà kí a fi òfin mú wọn. Ní àwọn ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti inúnibíni tí ó burú ju ti ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́yìn. Ìdà tí a fi lé ìjọba lọ́wọ́ kì í mọ ọ̀rẹ́. Ní ọdún 413, wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Marcellinus, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí, bí Augustine tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un. Augustine fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 430, nígbà tí ogun àwọn Vandal yí Hippo ká.

Ohun tí ó kàn wá

Ẹ̀yin ará, ìtàn yìí dáhùn ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ìrìbọmi rẹ dúró. Ẹni tí ó rì ọ́ bọmi lè ṣubú, ṣùgbọ́n orúkọ tí a pè lé ọ lórí kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Má ṣe fi ìgbàgbọ́ rẹ rọ̀ sí ara òjíṣẹ́ kankan, ìbáà jẹ́ ẹni rere, nítorí pé òun náà ń fẹ́ Olùgbàlà.

Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀kọ́ yìí bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìpàdé Arles yọ ẹni tí ó jẹ̀bi lóyè. Pé ìrìbọmi tí ó ṣe dúró kò sọ pé kí òun náà dúró nídìí pẹpẹ. Ẹni tí a ṣẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ òtítọ́, ìjọ sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìpàdé Cirta ni ó yẹ kí á bẹ̀rù, níbi tí àwọn àgbà ti mọ òtítọ́ nípa ara wọn, tí wọ́n pa á mọ́, tí wọ́n sì jáde lọ fi ìtara mímọ́ dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Àṣírí tí a bò ní ọdún 305 ni ó di ìyapa ní Carthage, ìyapa náà sì lé ní 100 ọdún.

Àti gbogbo wa lápapọ̀, ó yẹ kí á yẹ ìtara wa wò. Nígbà tí ohùn wa bá ga jù lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa bóyá òun ni ẹ̀ṣẹ̀ tí a fi pamọ́ sílé. Nígbà tí ẹni tí ó ṣubú bá ń padà bọ̀, ẹ jẹ́ kí á rántí ọ̀nà tí Carthage tọ̀ ní ọdún 251. Wọn kò ti ilẹ̀kùn pa, wọn kò sì ṣí i gbayawu. Wọ́n jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní àkókò, wọ́n sì gbà á.

Kí Olúwa fún ìjọ rẹ̀ ní òtítọ́ àti àánú pọ̀. Àmín.